Etí Ọkàn Ọlọ́rundáre

Agogo kan, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ mì ní ìjọ, wà nílé Ọlọ́rundáre ní Ore, nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ńtì, lẹ́yìn ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin. Idẹ ni, ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi, ìjọ aládùúrà tí Ọlọ́rundáre ń darí ló sì ni ín kí wọ́n tó ra tuntun. Òun tó jẹ́ Bàbá Ìjọ ló gbé ògbólógbòó rẹ̀ wálé. Ẹ ó rò pé àdúrà ló fẹ́ máa fi pè. Rárá o, ìyàwó ló ń fi í pè.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Magdalene nígbà tí agogo yẹn wọlé. Tó bá dún, omi ni. Tó bá dún, Bíbélì ni. Tó bá dún, kó wá lé eṣinṣin. Ọlọ́rundáre kì í sì í rọra lù ú. Bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí ló máa ń lù ú, Magdalene á sì sáré. Lọ́jọ́ kan ó ń yan gààrí nínú àgbàlá, agogo ké, ó fò dìde, apá rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ etí agbada gbígbóná. Ó gbé apá tó bó wọlé. "Ẹ pè mí, Bàbá Oyin?" Ọkọ rẹ̀ fi àgbọ̀n júwe fèrèsé tó wà lókè orí ara rẹ̀ gan-an. "Ṣí i díẹ̀ sí i," ó ní. Ó sì ṣí i. Àpá náà ṣì wà lápá rẹ̀ dòní, ó gùn tó ìka méjì.

Ẹ má ṣe rò pé ènìyàn burúkú ni. Olóko kòkó ni ní Ajue, ó kọ́lé, ó rán Oyin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, níwèé títí tó fi di olùkọ́ ní Èkó. Kò na Magdalene rí, n kò ní í parọ́ mọ́ òkú. Ariwo ló fi ń nà án. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi nà án bẹ́ẹ̀, kò sì sí ará ìjọ kan tó rí ẹgba lára rẹ̀.

Lọ́dún 1984, tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, tí wọ́n ń fi kóbókò to àgbààgbà sórí ìlà nítorí iyọ̀ àti mílíìkì, ni èémí Ọlọ́rundáre bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kó tó ti ilé dé ìkóríta, á ti dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á dà bíi pé omi ń mu ún, ó wá di pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń tò sẹ́yìn kó tó lè sùn. Ó tọ Múdàṣírù lọ, ẹni tó ń ta oògùn nínú ìsọ̀ onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Múdàṣírù kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn gbọ́ bó ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ikọ́-fée ni, ó sì wé éfẹ́dírìn fún un nínú bébà. Oògùn kan náà ni àwọn awakọ̀ tírélà ń gbé mì kí oorun má bàa gbé wọn lọ kí wọ́n tó dé Benin.

Ẹyọ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí idán. Ọkàn Ọlọ́rundáre bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ojú rẹ̀ là, ó gba Ajue lọ, ó sì jágbe mọ́ àwọn lébìrà débi pé wọ́n ní àwọn ará Omifunfun, abúlé tó tẹ̀ lé e, gbọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ṣì lè jágbe kò tíì ṣàìsàn. Nígbà tó di oṣù kejì, ẹyọ kan kò ṣe nǹkan mọ́, ó di méjì. Méjì di mẹ́ta. Kí ọdún tó parí, mẹ́fà ló ń dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ kò lè dìde lórí àga. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kò gbà á mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó rán Magdalene lọ bú Múdàṣírù pé ẹfun ló ń tà fún òun.

"Wọlai, Ìyá, orijina ni," ni Múdàṣírù wí, ó sì fi ìka kan ahọ́n, ó gbé e sókè. "Ara Bàbá ni kò gbọ́ ọ mọ́."

Òótọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ìgbà tó di oṣù kẹta ọdún 1985 ni wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Olúwagbémiga; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé òwú lásán kò sí láti fi nu egbò, ìjọba ológun sì ti ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ó wo iṣan ọrùn Ọlọ́rundáre tó ń fò, ó fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibi tó tẹ̀ jìn kòtò kò sì kún padà. Ó béèrè oògùn tó ti lò. Nígbà tí Magdalene dárúkọ rẹ̀, tó tún sọ iye tó ń lò, dókítà náà di orí mú. Ó fa obìnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kì í ṣe ikọ́-fée, Ìyá. Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀."

"Ṣé ẹ wá fún un lóògùn tí yóò jí i?"

"Jíjí tí wọ́n ń jí i ló sọ ọ́ dà báyìí." Ó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí kò ní oògùn láti fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ ni yóò fún un, ó sì jọ pé ó pẹ́ tí ọmọkùnrin yìí ti rí ẹni bá sọ ọ́. "Ẹ wò ó. Ọkàn kì í ṣe ẹyọ kan gbọingbọin. Àwọn ẹran tíntìntín ló para pọ̀ di ọkàn, ojú lásán kò lè rí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní etí lára. Tí ẹ bá rí ejò lóko, ara yín á tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀, adirẹnalíìnì là ń pè é. Omi yẹn á lọ jágbe sí àwọn etí wọ̀nyẹn: 'Ẹ sá! Ẹ sá!' Ọkàn á sì sá. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ejò ni. Ṣùgbọ́n ọkàn Bàbá ti rẹ̀, kò fún ẹ̀jẹ̀ jáde tó bó ṣe yẹ, ara wá ń rò pé ejò wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ń jágbe ṣáá, kò sinmi. Oògùn tí wọ́n tà fún un yẹn, òun náà kò ju ariwo lọ. Ariwo lórí ariwo ni."

"Kí ni àwọn etí náà wá ṣe?" Ohùn Magdalene ti yí padà.

"Wọ́n fà wọlé. Ẹran tí wọ́n ń jágbe mọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kó má bàa kú, á máa fa etí rẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kù síta pàápàá, okùn tó so ó mọ́ inú á tú. Á gbọ́ o, ṣùgbọ́n kò ní í dìde. Nígbà tí kò bá dìde, ara á tún jágbe sí i, etí á tún dín sí i. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí tí ọkàn fi máa dití."

Magdalene wo àpá tó wà lápá rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì fi ẹnu ọmọ ènìyàn ṣàlàyé ayé òun fún un rí, ọ̀rọ̀ ọkàn ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é. Omi lé sí i lójú. Dókítà rò pé nítorí ọkọ rẹ̀ ni.

"Ṣé etí ọ̀hún lè hù padà?"

"Tí ariwo bá dákẹ́. Ó ń gba oṣù." Ó fọwọ́ nu ojú. "Àwọn òyìnbó kan wà tó ń dán oògùn kan wò tó ń di àwọn etí náà, kí ariwo má bàa wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi ní èèwọ̀ ni fún irú aláìsàn yìí. N kò láyà láti dán an wò, n kò sì ní in pẹ̀lú." Ó kọ oògùn tí Oyin yóò wá rà ní Èkó, èyí tí yóò máa jẹ́ kó tọ omi ara rẹ̀ jáde àti èyí tí yóò máa ti ọkàn lẹ́yìn. Ó ní kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ bínú, ariwo kankan kò gbọ́dọ̀ dé ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ló gbá Magdalene lọ́wọ́ mú. "Ẹ tú gbogbo ilé, ẹ kó éfẹ́dírìn yẹn dànù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Ìyá. Nísinsìnyí tí ọkàn rẹ̀ dití, mẹ́fà kò mì í. Lọ́jọ́ tí etí rẹ̀ bá hù padà, mẹ́fà á pa á."

Magdalene gbọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó gbọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀.

Ìjọ ló kọ́kọ́ rí pupa ojú rẹ̀. Nínú ìjọ wọn, ẹni tí àárẹ̀ bá dá dùbúlẹ̀, àdúrà ìjí ni wọ́n ń ṣe fún un: ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọ́n á yí ibùsùn ká, wọ́n á máa fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n á máa lu agogo, wọ́n á máa pariwo "Jí! Jí!" sí i létí, torí ìgbàgbọ́ wọn ni pé àìlera, oorun ni ó jẹ́. Ìyá Hannah, olórí àwọn obìnrin ìjọ, kó ènìyàn méjìlá wá, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Magdalene dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì. Kò sí ariwo mọ́ nínú ilé yìí. Dókítà ló wí."

"Ṣé ulé lèyí àbí bárékè?" Ìyá Hannah bínú. "Orúkọ Olúwa ló ń jẹ́ ariwo lẹ́nu rẹ?"

"Olúwa kì í ṣe adití, Ìyá. Ẹ pè é láti ilé ìjọ, á gbọ́."

Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé ẹnu òun ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Àwọn méjìlá wo ara wọn, wọ́n sì padà. Magdalene ti ilẹ̀kùn, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún yẹn.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó mú kí ilé dákẹ́. Ó yọ bátìrì inú rédíò. Ó pa àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn fèrèsé, ó sè é láìfi iyọ̀ sí i, ó sì gbé e fún Ọlọ́rundáre jẹ. Ó ní kí àwọn lébìrà tó bá ti Ajue wá máa dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, kí wọ́n sọ tiwọn fún òun. Nígbà tó yá, ó kan agogo. Dókítà ti ní aláìsàn gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi máa pe ènìyàn, nítorí náà kò gbé e sá. Ó ya àkísà, ó fi wé ahọ́n agogo náà nípọn, ó sì fi ìko dì í ní ìdì olóko, èyí tí kì í tú. Ó mì í wò. Pó, pó. Ó gbé e padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Kí lèyí?" Ọlọ́rundáre fẹ́ jágbe, èémí kò gbà á.

"Ariwo ni kò dáa fún yín, Bàbá Oyin. Mo ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ṣé nítorí ọkàn ọkùnrin náà ló ṣe dì í, àbí nítorí etí ara rẹ̀? Bí ẹ bá bi í, á ní nítorí ọkàn ni. Mo rò pé òun náà gba ara rẹ̀ gbọ́ ní oṣù méjì àkọ́kọ́.

Ó sì ṣiṣẹ́ o. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn, pé ó ṣiṣẹ́. Omi ń jáde lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọn, egungun kókósẹ̀ tó ti rì sínú ẹran tún yọjú. Ìrọ̀rí mẹ́ta di méjì, méjì di ẹyọ kan. Ní oṣù kẹjọ, ológun kan tún lé ológun mìíràn kúrò nípò, gbogbo Ore ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́rundáre kò gbọ́, ó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó tún dé iwájú dókítà, ọmọkùnrin náà fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn sí i láyà, ó pẹ́ níbẹ̀, ó wá gbójú sókè sí Magdalene. "Etí ń hù, Ìyá," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ gbà á là."

Ohun mìíràn tún hù tí dókítà kò sọ tẹ́lẹ̀. Ọlọ́rundáre di ènìyàn pẹ̀lẹ́. Bóyá àìlè jágbe ló kọ́ ọ, bóyá ikú tó rí lójú ni, n kò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "O ṣeun" tí wọ́n bá gbé omi fún un. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní Màgí, orúkọ tó fi ń pè é nígbà tó ń fẹ́ ẹ. "Màgí, wá jókòó tì mí díẹ̀." Á mi agogo aláìlóhùn yẹn jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kan péré. Pó.

Magdalene á gbọ́ ọ láti àgbàlá. Ìṣòro ibẹ̀ nìyí: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dìde. Lákọ̀ọ́kọ́, á kọ́kọ́ parí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lọ. Lẹ́yìn náà, á parí rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tó bá fi máa wọlé, ọkọ rẹ̀ á ti gbàgbé ohun tó fẹ́, tàbí á díbọ́n pé òun gbàgbé. "Kò burú," á ní. "Mo kàn fẹ́ rí ọ ni." Etí tí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fà wọlé kò jáde nítorí "O ṣeun" oṣù mẹ́fà. Ó ń gbọ́. Okùn ló tú.

Bóyá okùn ọ̀hún ìbá tún so, bí kì í bá ṣe ti ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá. Magdalene ń nu ara fún un, apá rẹ̀ kọjá níwájú ojú ọkùnrin náà. Ọlọ́rundáre dì í mú jẹ́jẹ́, ó fi àtàǹpàkò pa àpá náà, ojú àánú gidi ló fi ń wò ó.

"Màgí, kí ló ṣe ọ́ níbí?"

Magdalene dúró. Ó wò ó bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ọkùnrin náà kò mọ̀. Kò rí i lọ́jọ́ tó bó, kò rí i lọ́jọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, kò rí i ní gbogbo ọdún tó fi ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú apá yẹn kan náà.

"Gààrí ni," ó ní.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni Ọlọ́rundáre wí, ó sì dùn ún dénú.

Pẹ̀lẹ́ yẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tó bá ṣe pé èébú ni, ìbá gbà á, èébú ti mọ́ ọn lára. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó ń sá Bíbélì ọkọ rẹ̀ sóòrùn nítorí kòkòrò, bébà kékeré kan jábọ́ láti inú àpò awọ rẹ̀. Ó tú u. Éfẹ́dírìn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ó ti tú gbogbo ilé bí dókítà ṣe wí, kò mọ̀ pé ó kù. Bí kò ṣe mọ̀ yẹn, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ dókítà dún létí rẹ̀ láìyingin: mẹ́fà á pa á. Ààrò ń jó níwájú rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Ó wo iná náà. Lẹ́yìn náà ó wé bébà náà bó ṣe wà, ó tì í padà sínú àpò awọ, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé tí òun bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ọjọ́bọ̀, òun á bi í bóyá ó ṣì léwu. Ọjọ́bọ̀ dé, ó lọ, ó gba oògùn, ó kí dókítà, dókítà kí i. Kò béèrè. Ìkórìíra ni. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Ìkórè ìjọ bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kọkànlá. Ọlọ́rundáre kò tíì pa á jẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ó bẹ ìyàwó rẹ̀.

"Màgí, ṣé wàá fà mí lọ́wọ́ dé ilé ìjọ lọ́la? Gẹ̀rẹ́ tó gòkè lọ sí ilé ìjọ yẹn nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Tí n bá di ọ́ mú, màá gùn ún."

"Màá rí i," ni Magdalene dáhùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán ló ti dáná sábẹ́ agbada. Kò sẹ́ni tó ní kó yan gààrí lọ́jọ́ Ìkórè, gbogbo obìnrin Ore tó jẹ́ ọmọ ìjọ ló ti wọṣọ. Òun jókòó ti èéfín, ó ń fi igbá rẹ́ gààrí lọ, ó ń rẹ́ ẹ bọ̀. Láti inú ilé ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń wọ aṣọ fúnra rẹ̀. Aṣọ funfun náà gùn, ó gbà á lákòókò. Lẹ́yìn náà, agogo. Pó. Ó dákẹ́. Pó, pó. Magdalene da ìyẹ̀fun tuntun sínú agbada.

Fèrèsé ṣí. Ojú Ọlọ́rundáre yọ, ó ti fá irùngbọ̀n, ó dàgbà, ó mọ́ tónítóní.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu, Màgí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ó hàn pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo ní ohun tí yóò gbé mi dé òkè yẹn."

Magdalene mọ ohun náà. Ó mọ ibi tó wà, ó mọ iye rẹ̀. Ó la ẹnu. Ẹnu ni ó là, ọ̀rọ̀ kò jáde, ó sì tún pa á dé. Fèrèsé padé.

Ó rẹ́ gààrí náà títí tó fi ń gbẹ. Ìgbà tí agogo tún dún, kò dún bí ti tẹ́lẹ̀. Pó pó. Pópópó. Ìró rẹ̀ sá, ó kọsẹ̀, ó tún sá. Ọkàn tó ti wà láìsí ariwo fún oṣù mẹ́jọ, tí gbogbo etí rẹ̀ ti hù padà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ igbe ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Magdalene wo agbada. Kí èyí kọ́kọ́ jinná, ó wí fún ara rẹ̀. Tí n bá fi í sílẹ̀, á jóná. Ó sì jókòó títí tó fi jinná. Ó dà á sórí àwo, ó tẹ́ ẹ, ó gbọn ọwọ́. Agogo ti dákẹ́ nígbà náà.

Orí àga ló bá a, ó jókòó nàró nínú aṣọ funfun, fìlà rẹ̀ wà lórí. Ẹyọ méjì ló kù nínú bébà. Agogo wà lórí itan rẹ̀, àkísà ahọ́n rẹ̀ tutù fún itọ́, fọ́nrán ìko sì há sí i láàárín eyín. Eyín ló ti ń fi tú ìdì náà. Ìdì olóko ni, kò tú.

"Ṣé ẹ kó gbogbo éfẹ́dírìn náà dànù, Ìyá?" Dókítà bi í léèrè lọ́jọ́ kejì.

"Mo kó o dànù," ni Magdalene wí. Ó sì ti kó o dànù lóòótọ́, méjì tó kù.

Níbi òkú, Ìyá Hannah dìde, ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ pé òun ti bínú sí obìnrin yìí láìmọ̀. Ó ní aya bíi Magdalene ṣọ̀wọ́n, tó pa ilé lẹ́nu mọ́ kí ọkọ rẹ̀ lè fi oṣù mẹ́jọ kún ọjọ́ ayé. Àwọn obìnrin sunkún. Oyin dì mọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé agogo náà lọ sí ìjọ, wọ́n ní àwọn á bá a fọ̀ ọ́.

Ilé wá dákẹ́ tòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan, oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń pe Magdalene. Ó ń jẹun nígbà tó bá wù ú, ó ń sùn títí oòrùn á fi yọ, ara rẹ̀ ń dán. Ó rò pé àlàáfíà ni. Kò rántí gbogbo ohun tí dókítà sọ lórí bẹ́ǹṣì, pé tí ariwo bá dákẹ́ pẹ́, ohun tó fà wọlé á tún jáde.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Ìyá Hannah kó àwọn obìnrin mẹ́rin wá ṣe àdúrà ìrántí. Wọ́n gba iwájú ilé wọlé, wọn kò fẹ́ dá opó lẹ́nu iṣẹ́, torí wọ́n rí èéfín rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Wọ́n gbé agogo náà lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé àkísà kúrò, wọ́n ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó idẹ rẹ̀ títí tó fi ń kọ mànà. Wọ́n wọ yàrá Ọlọ́rundáre. Ìyá Hannah gbé e sókè, ó sì lù ú.

Magdalene ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí agbada, lórí àpá yẹn gan-an, awọ rẹ̀ bó, kò dúró wò ó. Ó ń sáré. "Mò ń bọ̀ o! Mò ń bọ̀, Bàbá Oyin! Mo ti gbọ́!" Ó ta ilẹ̀kùn wọlé. Àga ṣófo. Ibùsùn ṣófo. Àwọn obìnrin márùn-ún nínú aṣọ funfun yíjú sí i. Àyà rẹ̀ ń lù débi pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Gbogbo etí tó wà lára rẹ̀ ló ti hù, gbogbo wọn ló ń gbọ́. Ó wó lórí eékún rẹ̀ síwájú àga náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé gààrí ló dá òun dúró.

"Ẹ wo ìfẹ́," ni ọ̀kan nínú wọn sọ wẹ́lẹ́, ó sì ń nu ojú. Àánú ṣe Ìyá Hannah débi pé ó yí ohun tó ní lọ́kàn padà. Ó ní wọn kò ní í gbé agogo náà padà sí ìjọ mọ́, pé opó ló tọ́ sí. Wọ́n bá a wá okùn, wọ́n sì so ó kọ́ sẹ́nu fèrèsé tó wà lókè àga náà, wọ́n ṣí fèrèsé náà díẹ̀ sí i kí atẹ́gùn lè máa rí i fẹ́. Magdalene ń wò wọ́n. Kò rí ohun tó lè sọ tí wọn kò ní í béèrè ìdí rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ṣì wà. Ní ọyẹ́, atẹ́gùn ń ti ọ̀nà márosẹ̀ wá láti òwúrọ̀, tírélà tó bá sì kọjá ń fẹ́ tirẹ̀ kún un. Tó bá ti dún, Magdalene á dìde.